Ilẹ̀kùn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi wẹ́dà

Sí Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá pé àwọn ọ̀dọ́ ti ń rí jẹ nídìí ẹja yíyan àti bábékíù, pé ẹni tó bá ní owó díẹ̀ lọ́wọ́ kó lọ bá wẹ́dà kó ṣe óófùn. Mo kà á dé ìsàlẹ̀, mo tún un kà, inú mi dùn torí iṣẹ́ wa ni, a kì í sì í sábà rí ara wa nínú ìwé ìròyìn àfi tí iná bá jó ọjà. Ṣùgbọ́n ibì kan wà níbẹ̀ tí mi ò lè gbé mì. Ẹ sọ̀rọ̀ ẹja, ẹ sọ̀rọ̀ igi, ẹ sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń polówó lórí fóònù, ó wá kan ilẹ̀kùn óófùn, ẹ ní kó ṣáà ti rẹwà kó fa oníbàárà mọ́ra, ẹ wá gbé fọ́tò kan síbẹ̀, ilẹ̀kùn gíláàsì gbàǹgbà kan báyìí, ó ń dán bíi ti báńkì. Háà! Mo ní mi ò ní dákẹ́ sí èyí, torí irú ilẹ̀kùn tó rẹwà yẹn gan-an ló kó mi sí gbèsè.

Òkè-Baálẹ̀ ni mò ń gbé níbí l'Óṣogbo, ẹja àrọ̀ ni mò ń yan tí mò ń gbé lọ Ọjà Ọba, tó bá wá di ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ àti Sátidé èmi àti ọmọ mi ọkùnrin a tún máa yan adìẹ àti tọ̀lọ́tọ̀ló fún àwọn tó ń ṣe ìnáwó. Nílùú tí wọ́n ti ń pe ọba ní Atáọ́ja, Atẹ́wọ́gbẹja, ọ̀rọ̀ ẹja kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ (ẹja odò Ọ̀ṣun kọ́ là ń yan o, kí ẹnikẹ́ni má ka èyí kó wá bá mi jà, wọn kì í pẹja nínú igbó Ọ̀ṣun, ẹja inú pọ́ǹdù là ń rà).

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n gé sí méjì ni, nẹ́ẹ̀tì lórí ẹ̀, páànù lórí nẹ́ẹ̀tì, iná lábẹ́. Kò sí ilẹ̀kùn kankan níbẹ̀. Ojú mi ló ń ṣe ilẹ̀kùn, torí gbogbo èéfín ojú mi ló ń gbà kọjá, tó bá di alẹ́ ojú á pọ́n bí ẹyin iná. Àwọn ará Gánà náà ní tiwọn, Chorkor ni wọ́n ń pè é, orúkọ abúlé apẹja kan lẹ́bàá Accra, láti nǹkan bí 1969 ni, àwọn FAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, sì lọ́wọ́ sí i. Tíréè onígi ni wọ́n ń tò léra lórí ààrò, igi tí wọ́n fi ká tíréè yẹn gan-an ló ń ṣe ògiri tó ń há èéfín mọ́, ẹnu tí wọ́n ń ti iná sí nìkan ló wà nísàlẹ̀, kò sí ilẹ̀kùn lókè. Ẹja wọn sì ń jiná dáadáa. Èyí ni kẹ́ ẹ fi mọ̀ pé ilẹ̀kùn kọ́ ló ń yan ẹja o, ìgbà téèyàn bá ti ní àpótí irin lòun fẹ́, pé òun fẹ́ ti iná àti èéfín mọ́nú ilé kan kóun máa pàṣẹ fún wọn, ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn dé.

Wẹ́dà tó ṣe tèmi, ọmọ dáadáa ni, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Ó bi mí ó, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ó ní, "Mọ́mì, irú ilẹ̀kùn wo lẹ fẹ́?" Mo ní, "Ìwọ ṣáà ṣe èyí tó máa wu èèyàn." Ó ní kò burú. Ó ṣe ilẹ̀kùn kan ṣoṣo, ẹsẹ̀ bàtà 4 ní gíga, ẹsẹ̀ bàtà 2 àtààbọ̀ ní fífẹ̀, ó bo gbogbo iwájú óófùn látòkè délẹ̀, tíréè mẹ́fà àti ibi iná lápapọ̀, ó kùn ún ní dúdú, ó fi irin ṣe òdòdó sí àárín ẹ̀, gbogbo ará àdúgbò ló wá wò ó. Ọkọ mi ní ó dà bí ilẹ̀kùn ààfin. Mo ra mínírà, a mu ún.

Alẹ́ ọjọ́ tá a kọ́kọ́ yan ẹja ọjà nínú ẹ̀ ni mo mọ̀ pé mo ti ṣìṣe. Mo fẹ́ wo tíréè kan péré, ti ìsàlẹ̀, bóyá ó ti ń pọ́n, mo ṣí ilẹ̀kùn, gbogbo ooru tó wà nínú óófùn dà jáde lù mí lójú, tíréè mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tutù lẹ́ẹ̀kan náà, atẹ́gùn wá rí ọ̀nà wọlé bá iná, iná gbá pàà, òróró ẹja ń kán sórí ẹ̀, ó ń hó ṣììì. Mo ti í padà. Lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta, ilẹ̀kùn ò fẹ́ ṣí mọ́, ó ti há mọ́ férémù, àfi ìgbà tí ọmọ mi fi irin já a. Ìgbà tó fi máa tutù lówùúrọ̀ ó ti yọ ikùn síta bí aboyún, igun òkè lọ́wọ́ ọ̀tún ò kan férémù mọ́, ìka mi méjì wọ ibẹ̀, ìsàlẹ̀ náà ti là. Tíréè méjì ìsàlẹ̀ di èédú. Tíréè òkè, ẹja ibẹ̀ rọ̀ bí ẹja ọbẹ̀. Owó ẹja yẹn kì í ṣe owó mi o, àwìn ni mo gbà á lọ́wọ́ oníẹja.

Mo bínú sí wẹ́dà, ó bínú sí mi, a ò bára wa sọ̀rọ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn ẹ̀ ló wá jókòó tì mí lẹ́yìnkùlé níbí, a tan iná sínú óófùn lófo, a kàn ń wò ó. Ohun tá a rí lọ́jọ́ yẹn ni mo fẹ́ kí àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn yín mọ̀.

Èéfín àti ooru òkè ni wọ́n ń lọ. Bí wọ́n ṣe ń jáde lókè, wọ́n ń fa atẹ́gùn tuntun wọlé nísàlẹ̀. Torí náà ihò tó bá wà lókè ilẹ̀kùn àti ihò tó bá wà nísàlẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ rárá. Tòkè, èéfín lẹ máa pàdánù, ògùdù dúdú, èéfín tó ti di bí ọ̀dà tó ń lẹ̀, á máa ṣàn lójú ilẹ̀kùn, ó ń bí èèyàn nínú, àmọ́ ẹja á ṣì jiná. Tìsàlẹ̀ ni ọ̀tá yín. Atẹ́gùn tó bá ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, iná ló ń fún lóúnjẹ, kò sì sí bẹ́ ẹ ṣe lè dí ojú atẹ́gùn tí wẹ́dà ṣe fún yín tó, iná yẹn ò ní gbọ́ràn, torí ibòmíì ló ti ń mí. Àwọn èèyàn á máa sọ pé igi ló burú, pé igi àyìn ti le jù, wọ́n á lọ pààrọ̀ igi, wọ́n á pààrọ̀ ẹja, ilẹ̀kùn ló ń jo.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá tiyín ń jo, ẹ dúró kí ilẹ̀ ṣú, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú óófùn tútù, ẹ ti ilẹ̀kùn, kẹ́ ẹ wá yí i ká. Ibi tẹ́ ẹ bá ti rí ìmọ́lẹ̀, ibẹ̀ ni. Tàbí kẹ́ ẹ fi bébà há ẹnu ilẹ̀kùn kẹ́ ẹ wá fà á, tó bá yọ wọ́ọ́rọ́ láìjà, kò dé dáadáa. Tèmi, ọjọ́ tá a tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ńṣe ló dà bí ilé tí wọ́n ń ṣe ìsọjí nínú ẹ̀.

Ó wá kan kí ló dé tó fi há tó tún yọ ikùn. Irin máa ń gùn sí i tó bá gbóná, gbogbo wẹ́dà ló mọ̀ ọ́n, àmọ́ wọn kì í rántí ẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń wọn ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 4, tó bá gbóná dé bíi 150°C, ó máa fi nǹkan bíi mílímítà 1 àtààbọ̀ sí 2 ga ju bó ṣe wà ní tútù lọ. Ẹ máa ní kí ni mílímítà méjì jẹ́. Wẹ́dà tèmi ṣe ilẹ̀kùn kó wọnú férémù rẹ́gí bí ìdérí agolo mílìkì, kò fi ààyè sílẹ̀, ó rò pé bó bá ṣe ṣe rẹ́gí tó ló máa dé tó. Ibi iná nísàlẹ̀ gbóná jù òkè lọ, ìsàlẹ̀ ń fẹ́ gbòòrò, òkè ò gbòòrò tó o, férémù tó yí i ká há a mọ́, páànù ò wá ríbi gbà, ó bá yọ ikùn. Òdòdó tó jó mọ́ àárín tún dá kún un, ó jó o mọ́ ọn látìbẹ̀rẹ̀ dópin láìgbé ọwọ́, ooru iná wẹ́dìǹ nìkan ti wọ́ páànù yẹn kó tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Tí wọ́n bá fẹ́ jó irin mọ́ páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí wọ́n tọ́ ọ kékeré níbí, kí wọ́n lọ tọ́ ọ ní ọ̀ọ́kán, kí wọ́n jẹ́ kó tutù, kí wọ́n tó padà.

Nítorí náà ìbéèrè àkọ́kọ́ kì í ṣe pé ilẹ̀kùn kan ni àbí méjì. Ẹ bi wẹ́dà yín pé ilẹ̀kùn yìí, ṣé ó máa wọnú férémù ni àbí ó máa dé lé e. Kó dé lé e o! Kó fi ínṣì kan bo ẹ̀gbẹ́ férémù yíká, kí wọ́n jó fíláàtì báà, irin pẹlẹbẹ tóóró yẹn, yíká ẹnu ọ̀nà kí ilẹ̀kùn rí nǹkan pẹlẹbẹ fara tì. Bẹ́ẹ̀ bó bá gbóná kó gùn bó ṣe wù ú, kò sí ohun tó máa há a, ojú ibi tó fara tì kàn máa sún díẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ yìí nìkan ì bá ti gbà mí lọ́wọ́ gbèsè.

Lẹ́yìn ìyẹn lẹ wá máa yan èyí tẹ́ ẹ fẹ́, wàhálà wà níbẹ̀ náà. Ọmọ mi yìí, gbogbo ìgbà ló ń wo àwọn ará Amẹ́ríkà lórí YouTube, àwọn ará Texas tó ń fi odindi wákàtí 12 yan ẹran màlúù, iná wọn wà nínú àpótí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹran wà nínú páìpù gìrìwò kan, ilẹ̀kùn wọn sì ń ṣí sókè bíi bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò. Irin wọn nípọn tó mílímítà 6, ilẹ̀kùn wúwo débi pé wọ́n máa ń so irin mìíì mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀ kó lè bá wọn gbé e. Ó ní ká ṣe irú ẹ̀. Mo ní ta ni yóò máa gbé e sókè láàárọ̀, ìwọ tó ń sùn di aago mẹ́wàá? Fún adìẹ ó dára o, mi ò ní ṣe àbòsí, torí èèyàn ń yí adìẹ, ó nílò ẹnu tó fẹ̀ kọ́wọ́ méjèèjì lè wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ gé dúrọ́ọ̀mù ṣe irú ẹ̀, ohun kan tí wẹ́dà mi kọ́ pẹ̀lú omijé ni pé kẹ́ ẹ má gé ilẹ̀kùn tán kẹ́ ẹ tó ronú hínjì. Ẹ gé ẹ̀gbẹ́ tí hínjì máa wà nìkan, ẹ jó hínjì mọ́ ọn, ẹ wá gé ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta tó kù. Irin tí wọ́n fi agbára ká bẹ́ẹ̀, tẹ́ ẹ bá gé e tán lẹ́ẹ̀kan náà ńṣe ló máa ta padà, ohun tẹ́ ẹ gé ò ní bá ihò tẹ́ ẹ gé e níbẹ̀ mu mọ́ títí ayé.

Èyí tó ń ṣí wálẹ̀ bíi tábìlì, a gbìyànjú ẹ̀ níbi iná. Òróró dà sórí ẹ̀, ó dà sí mi lórúnkún. Ó tán. Èyí tí wọ́n ń fà sókè bíi wíńdò bọ́ọ̀sì mólúè, ibi iná ló yẹ, torí èèyàn lè fi sílẹ̀ ní ìdajì kó fi díwọ̀n atẹ́gùn, àmọ́ ògùdù èéfín máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ibi tó ń gbà, lẹ́yìn oṣù kan ẹ máa fi òòlù gbá a. Ilẹ̀kùn méjì tó pàdé láàárín bíi ti kọ́bọ́ọ̀dù, ojú ibi tí wọ́n ti pàdé yẹn ni kì í dé rárá, àfi kẹ́ ẹ jó fíláàtì báà mọ́ ọ̀kan kó gun orí èkejì. Èyí tí kò ní hínjì, tí wọ́n kàn ń gbé kúrò tí wọ́n ń gbé padà, mo fẹ́ràn ẹ̀ fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, owó ẹ̀ kò pọ̀, ó rọrùn láti fọ̀, bẹ́ ẹ bá ṣáà ti ní ibi tẹ́ ẹ máa gbé irin gbígbóná lé tí ọmọdé ò ní dé.

Ohun tí èmi wá ṣe nìyí. A gé iwájú óófùn sí mẹ́rin. Ilẹ̀kùn kékeré mẹ́ta léra wọn lókè, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún tíréè méjì, ibi iná ní tiẹ̀ lọ́tọ̀ nísàlẹ̀ tó jẹ́ pé mo lè kó igi sí i láìṣí ibi ẹja. Tí mo bá fẹ́ wo tíréè ìsàlẹ̀, ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ nìkan ni mò ń ṣí, ihò kékeré ni, ooru tó ń jáde kéré, iná kò mọ̀ pé mo wá. Ilẹ̀kùn kékeré kì í sì í yọ ikùn bíi ti ńlá, ibo ló fẹ́ yọ ọ́ gbà? Hínjì ẹ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ń fà yọ sókè, kí n lè gbé ilẹ̀kùn kúrò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kí n fi ọ̀bẹ ha á. Ẹ̀gbẹ́ òsì ni mo ní kó fi hínjì sí, torí ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń fa tíréè, ti tẹ́lẹ̀ ògiri ló ń ṣí lù, tíréè ò lè jáde tán, mò ń yọ ẹja pẹ̀lú ọwọ́ níhà ẹ̀gbẹ́ bí ẹni ń jalè.

Ìdè ẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Kì í ṣe búlọ́ọ̀tì ilẹ̀kùn ilé. Irin pẹlẹbẹ kan ni tó ń yí, tó ń gun orí irin kékeré kan tó dà gẹ̀rẹ́, bó ṣe ń gùn ún ló ń fún ilẹ̀kùn mọ́ férémù, bó bá sì jẹ pé lọ́dún tó ń bọ̀ ilẹ̀kùn rọ̀ díẹ̀, màá kàn tì í síwájú sí i. Méjì ló wà lórí ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, òkè kan, ìsàlẹ̀ kan, torí ọ̀kan ṣoṣo láàárín, àárín nìkan ló máa dé.

Fún èyí tó bá ń jo díẹ̀, okùn funfun kan wà tí iná kì í jó, fáíbà ni wọ́n fi hun ún, ẹ lè fi yí ẹnu ilẹ̀kùn ibi iná ká. Òróró ẹja máa ń mú un le, ẹ máa pààrọ̀ ẹ̀ nígbà tó bá yá. Ṣùgbọ́n mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, mo rí ẹnì kan lọ́nà Ìkìrun tó gé tíúbù kẹ̀kẹ́ yí ilẹ̀kùn óófùn ká, ó ní ó dé dáadáa. Rọ́bà! Nínú ohun tí èèyàn ń jẹ! Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ń fi páànù funfun tí wọ́n fi síńkì bò ṣe ilẹ̀kùn ibi iná torí pé kì í dípẹtà, síńkì yẹn máa ń yọ́ tí ooru bá dé bíi 420°C, iná igi sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ bi àwọn wẹ́dà bí ibà ṣe ń mú wọn lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá jó irú irin yẹn, tí wọ́n á wá máa mu mílìkì agolo. Páànù dúdú ni kẹ́ ẹ ní kí wọ́n lò, kí wọ́n má sì kun inú ẹ̀ ní ọ̀dà.

Gíláàsì tó wà nínú fọ́tò yín ńkọ́? Lẹ́yìn wákàtí kan ẹ ò ní rí nǹkan kan nínú ẹ̀ mọ́, èéfín á ti bò ó dúdú, tó bá sì jẹ́ gíláàsì wíńdò lásán, ọjọ́ tí òjò bá ta sí i lára nígbà tó gbóná ló máa fọ́ sórí ẹja. Ẹ ra tẹmómítà, ẹ lu ihò kékeré fún un lára ilẹ̀kùn.

Ohun kan kù, wẹ́dà mi ló ní kí n má gbàgbé ẹ̀. Ilẹ̀kùn tó dé dáadáa, páìpù èéfín gbọ́dọ̀ wà lókè ẹ̀ tó ṣeé ṣí tó ṣeé pa dé. Ẹja tútù, omi ló pọ̀ jù lára ẹ̀, kílò mẹ́rin tí mo bá yan títí ó gbẹ, ó máa ń sún mọ́ kílò kan ni. Kílò mẹ́ta yòókù, omi ni, ó gbọ́dọ̀ ríbi gbà jáde. A ti ilẹ̀kùn tuntun pa lọ́jọ́ àkọ́kọ́, inú wa ń dùn pé kò jo, a pa páìpù dé, ẹja bọ̀ nínú omi ara ẹ̀, ó já sílẹ̀ látorí nẹ́ẹ̀tì ní ìrù àti orí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Wákàtí méjì àkọ́kọ́, ẹ ṣí páìpù gbayawu, ẹ jẹ́ kó làágùn.

Olóòtú, mi ò bá yín jà o. Òṣogbo yìí ni ìjọba kọ́ iléeṣẹ́ irin àti Machine Tools sí, ọmọ tó mọ irin rọ kò wọ́n wa, kò yẹ ká máa yan ilẹ̀kùn bí ẹni yan ankara. Tí ẹni tó kọ ìròyìn yẹn bá fẹ́ wá wo tèmi kó tó tún kọ òmíràn, kó wá ní ọjọ́rú, ọjọ́ yẹn la kì í lọ ọjà, ẹja kan á wà nílẹ̀ fún un. Á tún rí ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ yẹn, òdòdó ẹ̀ ṣì wà lára ẹ̀, òun la fi ń bo kànga.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Ẹlẹ́ja,
Òkè-Baálẹ̀, Òṣogbo.